Ọkọ̀ tọ́bò àtijọ́ oníkábúrétọ̀: bí ẹ ṣe máa rí àìsàn rẹ̀ kí ẹ tó fi kún agbára rẹ̀

Renault 5 GT Turbo, Renault 11 Turbo, MG Metro Turbo, Maserati Biturbo tó kọ́kọ́ jáde ní 1981: gbogbo wọn ló ní tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì), kábúrétọ̀ ni gbogbo wọn sì fi ń mu epo. Èyí tó bá ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lónìí, ọwọ́ mẹkáníìkì tó ti kàn án á ti pọ̀, rọ́bà rẹ̀ mìíràn kò sì ní sí níbi tí ilé-iṣẹ́ fi í sí mọ́. Kì í ṣe ogbó ló ń pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa á ni pé olówó rẹ̀ fẹ́ kó fà sí i, wọ́n bá fún wéésìgéètì (ilẹ̀kùn tó ń dá agbára tọ́bò dúró) pọ̀ kí búùsítì, ìyẹn agbára atẹ́gùn tí tọ́bò ń tì, lè gòkè, nígbà tí epo àti iná kò lè bá atẹ́gùn yẹn rìn. Písítìnì á lu. Nítorí náà, ara ẹ́ńjìnnì la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà atẹ́gùn, epo, iná, kábúrétọ̀, kí búùsítì tó kàn. Ẹ má fo ọ̀kankan, kódà tó bá dá yín lójú pé ẹ ti mọ ibi tí àìsàn wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ètò tí ẹ ní. Ẹ tẹ̀lé rọ́bà láti ara fítà atẹ́gùn. Tó bá lọ sẹ́nu tọ́bò, tí tọ́bò wá ń fẹ́ atẹ́gùn wọ inú kábúrétọ̀, alátẹ́gùn-fífẹ́ nìyẹn. Irú rẹ̀ ni Renault àti Metro. Tó bá jẹ́ pé kábúrétọ̀ ló ṣáájú, tí tọ́bò ń fa atẹ́gùn àti epo pọ̀ gba inú rẹ̀, alátẹ́gùn-fífà nìyẹn, kì í sì í ní íńtákúlà (rédíétọ̀ tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù) nítorí pé epo á máa dì sínú rẹ̀. Alátẹ́gùn-fífẹ́ ló ṣòro jù láti tún ṣe, òun náà ló sì pọ̀ jù, òun la ó dúró lé lórí.

Ara ẹ́ńjìnnì

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí ẹ pa á. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má ta, ẹ yọ wáyà pọ́ǹpù epo. Kí ẹnì kan tẹ àkísílétọ̀ dé ilẹ̀ pátápátá kó sì sítáàtì títí ẹ́ńjìnnì á fi yí bíi ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ̀yin fi géèjì wọn sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà wọn ṣe sún mọ́ra ló ṣe kókó ju bó ṣe ga tó lọ. Kọ̀mpíréṣọ̀ ẹ́ńjìnnì tọ́bò máa ń kéré ju ti ẹ́ńjìnnì lásán lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà Corolla dẹ́rù bà yín. Àmọ́ tí sílíńdà kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí èyí tó ga jù, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì ti jẹ. Tí kò bá gòkè, fáàfù ni, tàbí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló jọ kéré, gáskẹ́ẹ̀tì ti jó láàrin wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ so géèjì fákúùmù mọ́ mánífóòdù, kí ọkọ̀ wà ní sìlóò. Láàrin 16 sí 20 ínṣì ló yẹ kó dúró, kó má sì mì. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò ga ju òkun lọ tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi dá gíga ilẹ̀ lẹ́bi tí nọ́ńbà bá kéré. Tí ọwọ́ géèjì bá ń fò ní ìwọ̀n kan náà ṣáá, fáàfù kan ló ń jò. Tó bá dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tó wà ní 12 tàbí 13, táímíìnì (àkókò tí iná ń ta) ti pẹ́ jù tàbí atẹ́gùn ń wọlé níbi tí kò yẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kùnà níbí, ẹ dáwọ́ dúró lórí tọ́bò, kí ẹ lọ ṣe ẹ́ńjìnnì ná.

Ibi tí atẹ́gùn ti ń jò

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ni ẹ ti máa rí irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ ra ìdérí páìpù omi oníke tó bá ẹnu rọ́bà tó wọ tọ́bò mu, ẹ lu ihò sí àárín rẹ̀, kí fọkanáísà fi fáàfù táyà tí kì í lo tíúbù sí i. Ẹ yọ fítà, ẹ fi ìdérí náà dí ẹnu tọ́bò, ẹ fi kílípù fún un. Ẹ dí rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, kí atẹ́gùn má báa wọ inú ibi ọ́ìlì lọ tú síìlì. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà ní pípa, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Kí fọkanáísà wá fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀: 7 psi tó, ẹ má kọjá 10. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, torí pé 30 psi táyà ló mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹn sì lè fa rọ́bà ya.

Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn gbogbo oríkèé. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ìró atẹ́gùn tí ẹ bá gbọ́ láti ẹnu sàlẹ́ńsà tàbí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì kò ní láti bà yín lẹ́rù, nítorí kò sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe dúró tí fáàfù kan kò ní ṣí sílẹ̀. Ibi tí ẹ máa yẹ̀ wò fínnífínní ni ẹnu íńtákúlà méjèèjì, gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí orí kábúrétọ̀, àti etí méjèèjì ọ̀pá tó ń ṣí kábúrétọ̀. Ọ̀pá yẹn máa ń jẹ ihò rẹ̀ fẹ̀ nígbà tó bá ti pẹ́. Ní sìlóò, ó ń fa atẹ́gùn tí kò gba ẹnu jẹ́ẹ̀tì wọlé, ọkọ̀ á máa lọ sókè sódò. Ní búùsítì, ó ń fẹ́ èéfín epo jáde sára ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ìyẹn sì lè dá iná sílẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i. Kí wọ́n gbẹ́ ihò náà, kí wọ́n fi búṣì tuntun àti síìlì sí i.

Rọ́bà búréèkì tó jáde lára mánífóòdù gbọ́dọ̀ ní fáàfù tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn padà. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, búùsítì á máa wọ sáfò búréèkì, ẹsẹ̀ yín á sì mọ̀ ọ́n.

Ní ti àwọn rọ́bà fúnra wọn, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Rọ́bà tó ti gbó á la ẹnu wẹ́wẹ́ lára níbi tí ó ti tẹ̀. Èyí tí ọ́ìlì ti jẹ á rọ̀, á sì wú ní ẹnu kílípù. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀. Tí inú rọ́bà tó dára bá ní ọ́ìlì, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fò yọ nígbà tí búùsítì bá dé, kò sí bí kílípù ṣe le tó.

Epo, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Ohun kan wà tí ó yẹ kó yé yín dáadáa níbí. Nígbà tí tọ́bò bá fẹ́ 10 psi, gbogbo inú kábúrétọ̀ ló wà lábẹ́ 10 psi. Tí pọ́ǹpù epo bá ń ti epo ní 4 psi bíi ti ọkọ̀ lásán, epo kò lè wọ inú ìkòkò kábúrétọ̀ mọ́. Atẹ́gùn á dí i lọ́nà. Epo gbọ́dọ̀ fi bíi 3 psi ju búùsítì lọ nígbà gbogbo. Ìyẹn ni pé ní sìlóò, 3 psi; ní búùsítì 10, 13 psi. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Rọ́bà tín-ín-rín kan ló fi ń mọ iye búùsítì, ojú yẹn ni rọ́bà náà sì gbọ́dọ̀ ti wá: láti ibi tí atẹ́gùn kò tíì wọ kábúrétọ̀. Tí mẹkáníìkì bá so ó mọ́ mánífóòdù, fákúùmù sìlóò á máa fa epo sílẹ̀, ọkọ̀ á máa kú ní ibi tí ọkọ̀ ti dúró.

Ìkòkò kábúrétọ̀ náà ní ọ̀nà tó fi ń mí, búùsítì kan náà ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Tí rọ́bà tàbí gáskẹ́ẹ̀tì ọ̀nà yìí bá ya, préṣọ̀ ẹnu kábúrétọ̀ á ju ti inú ìkòkò lọ, epo kò ní jáde ní jẹ́ẹ̀tì. Àmì rẹ̀ kò ṣeé ṣì mọ̀: ọkọ̀ á fà dáadáa títí géèjì búùsítì á fi kúrò ní òdo, á wá dákẹ́ lójijì bí ẹni pé wọ́n pa kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, á tún yá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ tọ́bò fún lásán, rọ́bà yìí ló ń dà á láàmú.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń fẹ́. Ẹ fi géèjì epo sí ojú ọ̀nà tó wọ kábúrétọ̀. Ẹ yọ rọ́bà tín-ín-rín rẹ́gúlétọ̀, kí pọ́ǹpù epo máa ṣiṣẹ́ láìsí ẹ́ńjìnnì. Láàrin 2.5 sí 4 psi ló yẹ kí ẹ rí. Tó bá ju 5 lọ, abẹ́rẹ́ ìkòkò kò ní lè dá epo dúró, á máa kún àkúnya. Ẹ wá so pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹnu rẹ́gúlétọ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ dé 10 psi. Géèjì epo gbọ́dọ̀ fi 10 gòkè, kó sì dúró. Tó bá gòkè díẹ̀ tó sì ń sọ̀kalẹ̀ padà, dáyáfíráàmù (awọ rọ́bà inú rẹ̀) ti ya. Tí epo bá ń jáde láti ẹnu ibi tí ẹ ti ń fẹ́ atẹ́gùn, ó ti ya pátápátá, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn rárá.

Préṣọ̀ nìkan kò tó. Iye epo náà ń kọ́? Ẹ́ńjìnnì bíi 120 ẹṣin máa ń mu bíi 0.75 lítà ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ ní 10 psi, ẹ ki rọ́bà tí ń dá epo padà sí táńkì sínú kéègì tí a ti sàmì sí, níta gbangba. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó kéré tán ìdajì lítà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo fítà epo, ẹ wo ìsàlẹ̀ táńkì fún ìpẹtà, ẹ wo wáyà pọ́ǹpù: kí fóótì rẹ̀ má fi ju ìdajì fóótì kan lọ kéré sí ti bátìrì. Kí ẹ tó ra pọ́ǹpù tuntun nìyẹn.

Ẹ má fi pọ́ǹpù ínjẹ́kítọ̀ tókúnbọ̀ rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti rí ní ọjà. Epo tó ń tì ju ohun tí rẹ́gúlétọ̀ kábúrétọ̀ lè dá padà lọ, préṣọ̀ á wà lókè nígbà gbogbo, epo á máa wọ inú ọ́ìlì. Tí ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yín bá ń rùn epo, ibẹ̀ ni ẹ máa wò.

Epo wa fúnra rẹ̀ ní ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Epo tí wọ́n fi ṣe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní Yúróòpù ìgbà náà jẹ́ èyí tí ọ́kítéènì rẹ̀ (bó ṣe ń kọ̀ láti gbiná ṣáájú àkókò) wà ní 97 tàbí 98. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 náà, epo tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà Nàìjíríà, mẹtanọ́ọ̀lù sì máa ń ba rọ́bà àti dáyáfíráàmù ìgbà àtijọ́ jẹ́. Tí ọkọ̀ yín bá ti dúró láti ìgbà náà, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo àti dáyáfíráàmù inú kábúrétọ̀ kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Iná

Búùsítì máa ń mú kó ṣòro fún iná láti ta láàrin púlọ́ọ̀gì. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè ṣe dáadáa ní ìlú, kó wá máa mísì nígbà tó bá ń fà nìkan. Ẹ mú àlàfo púlọ́ọ̀gì wá sí 0.6 tàbí 0.7 mílímítà. Púlọ́ọ̀gì tó tutù ju ti ilé-iṣẹ́ lọ ní ìpele kan dára fún oòrùn wa, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ní NGK, nọ́ńbà tó ga ló tutù, 7 tutù ju 6 lọ, ní Bosch, òdìkejì ni. Ọ̀pọ̀ ni ẹni tó ti ra èyí tó gbóná sí i nítorí èyí.

Ìdérí dísítíríbútọ̀ tó ti ní ìlà dúdú tín-ín-rín nínú, ẹ jù ú nù. Ní oṣù Kẹfà àti Keje tí òjò ń rọ̀ wa, omi inú afẹ́fẹ́ nìkan tó láti jẹ́ kí iná gba ìlà yẹn.

Táímíìnì ni kí ẹ fara balẹ̀ fún. Nọ́ńbà sìlóò wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Ohun tí ìwé kì í tẹnu mọ́ ni pé táímíìnì gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn nígbà tí búùsítì bá dé, bíi dígírì 1 fún psi kan. Ẹ tan iná táímíìnì sí púlì, kí ẹnì kan gbé ẹ́ńjìnnì dúró sí ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ 8 psi sí ẹnu rọ́bà tó ń sọ búùsítì fún iná. Àmì gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn lójú yín. Tó bá dúró sí ojú kan, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ rí búùsítì títí ẹ ó fi tún un ṣe. Nítorí epo wa, ẹ tún lè fi dígírì 2 dín ti sìlóò kù. Ẹ máa pàdánù agbára díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì á wà.

Ìró ṣàkàṣàkà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì tí ẹ rí àmì fàdákà wẹ́wẹ́ lára funfun rẹ̀, ara písítìnì yín nìyẹn.

Kábúrétọ̀

Ìgbà yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú kábúrétọ̀. Atẹ́gùn ni kí ẹ fi fọn jẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe wáyà. Wáyà ń fẹ ihò rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ nọ́ńbà tó kù. Nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì ni ìwọ̀n ihò: 130 túmọ̀ sí 1.30 mílímítà. Ẹ mi fúlótì létí yín, ẹ sì rì í sínú omi gbígbóná: tó bá ń ta ìfófòó, tàbí tí epo ń dún nínú rẹ̀, á rì, ìkòkò á sì máa kún jù.

Sìlóò: ẹ fi sìkúrúù epo wọlé jẹ́jẹ́ títí á fi kàn, ẹ dá a padà ní ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí géèjì fákúùmù á fi ga jù. Ibẹ̀ ni kí ó wà.

Fún ìgbà tí ó bá ń fà, ẹ nílò géèjì lámúdà onípele gbòòrò, èyí tó ń sọ ìlọ́po mélòó epo ni atẹ́gùn. Kò sí etí tàbí imú tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, láàrin 14 sí 15 dára. Ní búùsítì, 11.5 sí 12. Tó bá ju 12.5 lọ ní búùsítì, epo kéré, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ gbé jẹ́ẹ̀tì ńlá gòkè ní nọ́ńbà 5, 130 sí 135, kí ẹ tún un wò. Tí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní 11.8 tó wá ń gun òkè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì: ìkòkò ló ń gbẹ, ẹ padà sí pọ́ǹpù.

Gíà kẹta ni kí ẹ fi dán an wò, láti 2,500 dé 4,500, kí ẹlòmíràn jókòó ti géèjì. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú ló dára, kì í sì í ṣe ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Bẹ̀níì láàrin tírélà. Ẹ má kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Ohun tí ẹ ń wá ti hàn kí ẹ tó débẹ̀.

Búùsítì

Ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí àpò wéésìgéètì, kí ẹ wo ọ̀pá rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jò, ó sì gbọ́dọ̀ máa lọ láìhá. Tí àpò náà bá ya tàbí tí rọ́bà rẹ̀ bá bọ́, búùsítì kò ní òpin. Tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá há ní ṣíṣí, ọkọ̀ kò ní fà rárá, àwọn ènìyàn á sì ní tọ́bò ti kú.

Tí gbogbo èyí tó wà lókè bá ti dára, ẹ lè fi 1 psi kún un, kí ẹ tún wo lámúdà àti púlọ́ọ̀gì. Pẹ̀lú epo tí a ń rà níbí, èrò wa ni pé kí ẹ má fi ju 2 psi lọ kọjá ti ilé-iṣẹ́. Owó tí ẹ fẹ́ ná lórí búùsítì, ẹ ná an lórí íńtákúlà tó tóbi.

Ooru àti èéfín

Ọkọ̀ tó ń sítáàtì ní tútù ṣùgbọ́n tí kì í gbọ́ ní gbígbóná, epo ló ń hó nínú ìkòkò. Tọ́bò àti kábúrétọ̀ sún mọ́ra jù. Renault tilẹ̀ fi fáànù sí i láti máa fẹ́ kábúrétọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ọkọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi páànù dí ooru láàrin wọn, kí wọ́n sì kó rọ́bà epo jìnnà sí tọ́bò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí Ojúde Ọba, tí yóò máa wọ́ lẹ́yìn èrò ní àyíká Ìtòrò, kí ó rí i pé fáànù rédíétọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó bá ti páàkì.

Èéfín aláwọ̀ aró ní sìlóò tàbí nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ tọ́bò nìkan. Ẹ wo páìpù tí ọ́ìlì fi ń sọ̀kalẹ̀ láti ara tọ́bò: ó gbọ́dọ̀ dà sílẹ̀ tààrà, kó má tẹ̀, kó má sì rì sínú ọ́ìlì. Ẹ wo rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Tó bá dí, ọ́ìlì á sá gba síìlì tọ́bò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó di ọ̀pá tọ́bò mú: kó mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n tó bá ń wọlé jáde, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń kan ara ilé tọ́bò, ó ti parí.

Ọ́ìlì 20W-50 dára fún oòrùn wa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà, kí ẹ má dúró de nọ́ńbà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, fítà atẹ́gùn kò gbọdọ̀ dé oṣù kan kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ tó pa ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, ẹ fi í sí sìlóò fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ọ́ìlì má jó mọ́ inú tọ́bò. Lẹ́yìn 500 kìlómítà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ tún gbogbo kílípù fún, ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ wò: àwọ̀ bíi amọ̀ ló yẹ kí gbogbo wọn ní, èyí tó bá sì yàtọ̀ sí àwọn yòókù, sílíńdà rẹ̀ ni kí ẹ padà sí.